Páìpù Gbígbóná Abẹ́ Òrùlé: Ìtàn Tó Wà Lẹ́yìn Àyẹ̀wò Gáàsì

Ẹ̀yin ará wa tí ẹ ti rékọjá sí ìlú ọba, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti jókòó sábẹ́ ohun tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí láìmọ orúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjọ àwọn ọmọ Yorùbá ní London, pàápàá ní agbègbè Old Kent Road, ló ń ṣe ìsìn nínú ilé tó jẹ́ ilé ìkẹ́rùsí tàbí ilé iṣẹ́ nígbà kan rí. Òrùlé irú ilé bẹ́ẹ̀ ga fíofío, ilẹ̀kùn rẹ̀ fẹ̀, òtútù sì máa ń wọlé síbẹ̀ bí ẹni tó ń wọ ilé bàbá rẹ̀. Bí ẹ bá gbójú sókè nínú irú ilé bẹ́ẹ̀, ẹ lè rí páìpù gígùn kan tí wọ́n fi ṣéènì gbé kọ́ sábẹ́ òrùlé, tí páànù dídán kan sì bò ó lórí. Kì í tan ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ooru ń ti ara rẹ̀ bọ̀ bí oòrùn àárọ̀. Gáàsì ló ń jó nínú rẹ̀. Radiant tube heater ni àwọn òyìnbó ń pè é.

Ohun tó gbà wá lọ́kàn nípa páìpù yìí ni iṣẹ́ tó rọ̀ mọ́ ọn. Kí wọ́n tó fà á lé ẹni tó rà á lọ́wọ́, oníṣẹ́ gáàsì gbọ́dọ̀ ṣe oríṣiríṣi ìdánwò fún un, kí ó sì kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀. Lọ́dọọdún, ó gbọ́dọ̀ padà wá ṣe sáfíìsì rẹ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rí ìwé ìdánwò náà lè rò pé àwọn òyìnbó kàn ń da ara wọn láàmú ni. Àwa náà rò bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àmọ́ nígbà tí a wo ìtàn gáàsì láti ìbẹ̀rẹ̀, a rí i pé òkú èèyàn ló wà lẹ́yìn púpọ̀ nínú àwọn ìdánwò yẹn. Ẹni tó jìn sí kòtò ló kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Ooru tí ojú kò rí

Ní ọdún 1800, ọkùnrin kan tí wọ́n bí ní Jámánì ṣùgbọ́n tó ń gbé ní England, William Herschel, jẹ́ kí ìtànṣán oòrùn gba inú gíláàsì onígun mẹ́ta kọjá. Òun náà ló kọ́kọ́ rí pílánẹ́ẹ̀tì Uranus ní ọdún 1781. Ìmọ́lẹ̀ náà pín sí àwọ̀ bíi ti òṣùmàrè, Herschel sì ń gbé ẹ̀rọ ìwọn-ìgbóná sínú àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Bó ṣe ń sún mọ́ àwọ̀ pupa ni ooru ń pọ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ló gbé ẹ̀rọ náà kọjá ibi tí àwọ̀ pupa parí sí, níbi tí ojú kò ti rí nǹkan kan mọ́. Ibẹ̀ gan-an ló gbóná jù.

Ooru yẹn ni páìpù abẹ́ òrùlé ń lò. Iná ń jó ní ìkángun rẹ̀ kan, fáànù ń ti afẹ́fẹ́ gbígbóná gba inú rẹ̀ lọ, páìpù á gbóná gan-an, páànù dídán tó wà lórí rẹ̀ á sì da ooru náà sílẹ̀ sára àwọn èèyàn àti ilẹ̀. Kì í kọ́kọ́ mú afẹ́fẹ́ inú ilé gbóná. Ìdí nìyẹn tó fi wúlò nínú ilé tí òrùlé rẹ̀ ga, torí pé òkè ni afẹ́fẹ́ gbígbóná máa ń sá lọ, á sì fi àwọn tó wà nílẹ̀ sílẹ̀ kí wọ́n máa gbọ̀n. Àwọn tó ń sin adìyẹ nílé mọ ọgbọ́n yìí. Ẹ̀rọ gáàsì tí wọ́n máa ń gbé kọ́ sókè orí àwọn ọmọ adìyẹ ọlọ́jọ́ kan, ọgbọ́n kan náà ni.

Gáàsì àti ẹyẹ inú kòtò èédú

Gáàsì fúnra rẹ̀ ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ṣáájú Herschel. Ní ọdún 1792, William Murdoch fi gáàsì tó ti ara èédú jáde tan iná sí ilé rẹ̀ ní Redruth, ní apá gúúsù ìwọ̀ oòrùn England. Nígbà tó di ọdún 1812, ilé iṣẹ́ kan ti gba ìwé àṣẹ láti máa ta gáàsì fún àwọn ará London. Iná gáàsì dé òpópónà, ó dé ilé, lẹ́yìn náà ló dé ilé ìdáná.

Àmọ́ gáàsì èédú yìí ní carbon monoxide nínú. Afẹ́fẹ́ yìí kò ní àwọ̀, kò ní òórùn. Bí ó bá wọ inú ẹ̀jẹ̀, ó máa ń di ibi tí ó yẹ kí ọ́síjìn jókòó sí mú pinpin, ènìyàn á sì kú bí ẹni tó sùn lọ. A máa ń sọ pé èéfín kì í wà láìsí iná. Èyí ni iná tí ojú kì í rí èéfín rẹ̀.

Ẹni tó jẹ́ kí ayé mọ bí ọ̀tá yìí ṣe pọ̀ tó ni J. S. Haldane, ọmọ Scotland. Ní àwọn ọdún 1890, ó ṣe ìwádìí lórí òkú àwọn awakùsà tó kú nígbà tí kòtò èédú bú gbàmù. Ó rí i pé iná tàbí ẹrù tó wó luni kọ́ ló pa ọ̀pọ̀ wọn, carbon monoxide ni. Ó dámọ̀ràn pé kí wọ́n máa gbé ẹranko kékeré wọ inú kòtò, torí pé ó máa ń ṣe wọ́n kí ó tó ṣe ènìyàn. Bí ẹyẹ canary ṣe di ẹlẹ́gbẹ́ awakùsà nìyẹn. Ọdún 1986 ni wọ́n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kéde pé ẹ̀rọ ni yóò rọ́pò ẹyẹ náà nínú kòtò èédú ilẹ̀ Britain.

Ilé ìwé tó bú gbàmù

Ìtàn tó dùn wá jù nínú ìwádìí yìí ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà, ó sì kan àwọn ọmọ ilé ìwé bíi tiwa. Ìlú New London ní Texas wà láàárín ibi tí wọ́n ti ń wa epo rọ̀bì, owó sì wà níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ ilé ìwé wọn, dípò kí wọ́n fi ìkòkò iná ńlá kan mú gbogbo ilé gbóná, ẹ̀rọ gáàsì 72 ni wọ́n pín káàkiri inú rẹ̀. Nígbà tó di ọdún 1937, láti dín owó kù, wọ́n fi páìpù ilé ìwé náà so mọ́ páìpù tó ń gbé àjẹkù gáàsì láti ilé iṣẹ́ epo. Gáàsì yẹn kò ní òórùn kankan. Orí ti ń fọ́ àwọn ọmọ kan nílé ìwé náà fún ìgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó kà á sí.

Gáàsì ń jò, ó ń kóra jọ sí àyè tó wà lábẹ́ ilé. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kẹta, lẹ́yìn agogo mẹ́ta ọ̀sán, nígbà tó kù díẹ̀ kí wọ́n jáde, olùkọ́ kan tan ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń dán pákó nínú yàrá iṣẹ́ ọwọ́. Ìṣáná rẹ̀ ni wọ́n gbà pé ó ran gáàsì náà. Ilé náà gbéra sókè, ó sì wó lulẹ̀. Àwọn tó kú tó nǹkan bí 300, ọmọdé ló sì pọ̀ jù nínú wọn.

Kò pẹ́ tí Texas fi ṣe òfin pé kí wọ́n máa fi nǹkan olóòórùn sínú gáàsì, kí imú lè mọ ohun tí ojú kò rí. Àwọn ibòmíràn náà tẹ̀ lé e. Òórùn bí ẹyin tó ti bà jẹ́ tí a máa ń gbọ́ tí a bá ń rọ gáàsì, àṣà tí ikú àwọn ọmọ yẹn mú káàkiri ni. Lọ́dún yẹn kan náà ni Texas ṣe òfin pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pe ara rẹ̀ ní ẹnjiníà láìforúkọ sílẹ̀.

Nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo

Ní Britain, wọ́n rí gáàsì nínú Òkun Àríwá ní ọdún 1965. Gáàsì yìí kò ní carbon monoxide nínú bíi ti èédú, ṣùgbọ́n bí kò bá rí afẹ́fẹ́ tó pọ̀ tó nígbà tó bá ń jó, á pèsè rẹ̀. Ooru inú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti gáàsì èédú, nítorí náà ẹ̀rọ tí wọ́n ṣe fún ti àtijọ́ kò lè lò ó láìjẹ́ pé wọ́n tún ojú iná rẹ̀ ṣe. Láti ọdún 1967 sí 1977, àwọn oníṣẹ́ wọ ilé kan tẹ̀ lé òmíràn, wọ́n sì ṣàtúnṣe nǹkan bí 40 mílíọ̀nù ẹ̀rọ. Gbogbo orílẹ̀-èdè ni wọ́n tún dán wò lẹ́ẹ̀kan sí i.

Àárín iṣẹ́ yìí ni jàǹbá Ronan Point ṣẹlẹ̀. Ilé alájà 22 ni, ní Canning Town, ìlà oòrùn London, kò sì tíì ju oṣù méjì lọ tí àwọn èèyàn kó wọ inú rẹ̀. Ní ìdájí ọjọ́ 16 oṣù Karùn-ún, ọdún 1968, obìnrin kan tó ń gbé ní àjà 18 dìde láti se tíì, ó sì ṣá ìṣáná. Gáàsì ti kún inú ilé. Ògiri fò dànù, igun ilé náà sì wó láti òkè dé ìsàlẹ̀. Èèyàn mẹ́rin kú, 17 fara pa. Obìnrin náà kò kú.

Àwọn tó ń kọ́ nípa ilé kíkọ́ mọ ìtàn yìí dáadáa, torí ó yí òfin ilé kíkọ́ padà. Àmọ́ ohun tó fa gáàsì náà kò ju nọ́ọ̀tì idẹ kan lọ, èyí tó so páìpù mọ́ sítóòfù. Ìwádìí fi hàn pé nọ́ọ̀tì náà kò dára tó, ó sì kán.

Ní ọdún 1970 ni wọ́n dá CORGI sílẹ̀ láti máa forúkọ àwọn oníṣẹ́ gáàsì sílẹ̀. Ẹ kíyè sí èyí: ẹni tó bá wù ú ló ń forúkọ sílẹ̀ nígbà náà. Ọdún 1991 ni ó di dandan. Ọdún 21 ló wà láàárín ìgbà tí wọ́n mọ ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe àti ìgbà tí wọ́n fi òfin tì í lẹ́yìn. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin, ọdún 2009, Gas Safe Register gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ CORGI, òun ló sì wà títí di òní.

Ohun tí oníṣẹ́ ń ṣe

Ẹ jẹ́ ká wá padà sábẹ́ òrùlé. Nígbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ so páìpù náà mọ́lẹ̀, oníṣẹ́ á kọ́kọ́ ti gbogbo ẹnu páìpù gáàsì, á fẹ́ atẹ́gùn sínú rẹ̀, á sì máa wo ẹ̀rọ ìwọ̀n. Bí ìwọ̀n náà bá ń lọ sílẹ̀, ibì kan ń jò. New London àti Ronan Point wà nínú ìdánwò yìí. Lẹ́yìn náà ni á fi gáàsì lé afẹ́fẹ́ jáde kúrò nínú páìpù, torí bí gáàsì bá wà láàárín ìdá 5 sí 15 nínú 100 afẹ́fẹ́, ó lè bú gbàmù.

Nígbà tó bá tan ẹ̀rọ náà, fáànù ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yí, kí ó lè gbá gáàsì tó bá ti dúró sínú páìpù jáde. Lẹ́yìn náà ni ìṣáná á ṣẹ́. Irin tínínrín kan wà nínú iná tó ń ṣọ́ bóyá iná ń jó lóòótọ́. Oníṣẹ́ á mọ̀ọ́mọ̀ pa gáàsì láti wò ó bóyá ẹ̀rọ náà á ti ara rẹ̀. Á wọn agbára gáàsì tó ń dé ojú iná, kí ó lè bá ohun tó wà nínú ìwé ilé iṣẹ́ mu. Á ki ẹ̀rọ kékeré kan bọ páìpù èéfín láti wo ìwọ̀n carbon monoxide. Ẹyẹ Haldane nìyẹn, àfi pé bátìrì ló ń jẹ báyìí. Á tún wọn àyè tó wà láàárín páìpù àti ohunkóhun tó lè gbiná. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi aṣọ àti bàlúù ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́ fún ìdúpẹ́ ọdún, ẹ gbọ́ o.

Ní ti sáfíìsì ọdọọdún, ìdọ̀tí ni ọ̀tá. Eruku á ti dì mọ́ fáànù, aláǹtakùn á ti ta òwú sí ojú ihò gáàsì, ẹyẹ á ti kọ́ ìtẹ́ sẹ́nu páìpù èéfín. Bí afẹ́fẹ́ bá dín kù, carbon monoxide á pọ̀. Oníṣẹ́ á nu gbogbo rẹ̀, á nu páànù dídán torí páànù tó dọ̀tí kì í da ooru sílẹ̀ dáadáa, á wo ara páìpù bóyá ó ti lu, á wo ṣéènì, á sì tún gbogbo ìdánwò àkọ́kọ́ ṣe.

Àwa ńkọ́?

A kò nílò ẹ̀rọ amúlégbóná nílé, àfi tí ọyẹ́ bá mú díẹ̀. Ṣùgbọ́n a ń ta gáàsì fún ayé: láti ọdún 1999 ni ọkọ̀ ojú omi ti ń kó gáàsì olómi láti Bonny lọ sókè òkun. A sì ń dáná pẹ̀lú gáàsì nínú yàrá wa. Nígbà tí a ń kọ àpilẹ̀kọ yìí, a bi ara wa léèrè pé ta ló ti pààrọ̀ rọ́bà sílíńdà rẹ̀ rí. Kò sẹ́ni tó na ọwọ́. Èyí tí a fi ń dáná láti ọdún àkọ́kọ́ wa ni a ṣì ń lò. Irọ́lẹ́ ọjọ́ yẹn ni a pò ọṣẹ mọ́ omi, a fi kan ìdí rọ́bà náà, ó sì ń hó lójú wa. A ti ra tuntun.

Ẹ má gbàgbé pé gáàsì sílíńdà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bó bá jò, ilẹ̀ ló máa ń kóra jọ sí, nítorí náà ẹ ṣí ilẹ̀kùn, ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé fèrèsé òkè nìkan. Ẹ má sì tan jẹnẹrétọ̀ sí ọ̀ọ̀dẹ̀, ẹ má gbé ìkòkò èédú sun nínú yàrá. Òórùn wà nínú gáàsì lónìí nítorí àwọn ọmọ New London. Carbon monoxide kò ní òórùn títí di ìsinsìnyí.