Orúkọ Ẹni tí ó Ṣe Eré

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú ẹgbẹ́ wa yóò rẹ́rìn-ín sí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kọ yìí. Wọn yóò ní, nígbà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ ìtàn Ogun Kírìjì àti ìtàn àwọn ọba, kí ni ó gbé onítọ̀hún dé ìdí eré orí pátákó, ohun tí àwọn ọmọdé fi ń lé oorun lọ? Ìdáhùn mi ni pé eré tí àwọn ènìyàn ti ń ta fún ohun tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún kì í ṣe ohun kékeré. Ó ní ẹni tí ó ronú kàn án, ó ní ohun tí onítọ̀hún fẹ́ fi bá aráyé sọ, ó sì ní ọ̀nà tí ó gbà bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Nínú ìtàn eré tí à ń pè ní Monopoly, tí kò sí akẹ́kọ̀ọ́ kan láàárín wa tí kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí hàn gbangba. Ohun tí mo sì rí níbẹ̀ ni pé nígbà tí orúkọ ẹni tí ó ṣe é sọnù, ohun tí ó fẹ́ sọ náà bá a lọ.

Àwa Yorùbá kì í bèèrè ẹni tí ó ṣe ayò. Ihò méjìlá, ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta, mẹ́rin-mẹ́rin nínú ihò kọ̀ọ̀kan, ó parí. Ọ̀ta mọ ara rẹ̀ ní ọ̀ta, òpè náà kò ṣàì mọ ara rẹ̀, bí kò tilẹ̀ jẹ́ kí a gbọ́. Ẹni tí ó bá ti dúró ti ọpọ́n ayò ní ìrọ̀lẹ́ rí mọ̀ pé ìdajì adùn rẹ̀ wà ní ẹnu àwọn tí kò ta: wọn a máa yin eléyìí, wọn a máa bú tọ̀hún, wọn a sì máa sọ bí àwọn ìbá ti ṣe é bí ó bá jẹ́ pé àwọn ni. Irú eré yìí ti rìn jìnnà. Àwọn ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí a kó lẹ́rú gbé e kọjá òkun, títí di òní ni wọ́n sì ń ta á ní Antigua àti ní Barbados, tí wọ́n ń pè é ní Warri. Eré tí ó jẹ́ ti gbogbo ìlú báyìí, kò sí ẹnìkan tí a lè jí i lọ́wọ́ rẹ̀. Eré inú àpótí kò rí bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1866 ni a bí Elizabeth Magie, tí wọ́n ń pè ní Lizzie, ní ìpínlẹ̀ Illinois ní Amẹ́ríkà. Oníwèé-ìròyìn ni bàbá rẹ̀, òun ni ó sì fi ìwé Henry George, *Progress and Poverty*, tí ó jáde ní ọdún 1879, lé e lọ́wọ́. Ohun tí Henry George ń wí kò ṣòro. Ó ní ohun tí ènìyàn bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe, tirẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó dá ilẹ̀, àti pé bí ilẹ̀ bá di olówó iyebíye, kì í ṣe onílẹ̀ ni ó sọ ọ́ dà bẹ́ẹ̀ bí kò ṣe àwọn ará ìlú tí ó yí i ká, tí wọ́n ń la ọ̀nà, tí wọ́n ń ná ọjà. Nítorí náà, ó ní kí ìjọba gba èrè orí ilẹ̀ fún gbogbo ìlú, kí a sì fi owó iṣẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ẹni tí ó bá mọ ìtàn Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni sọ fún un bí ọ̀ràn ìṣákọ́lẹ̀ ti lè gbóná tó.

Akọ̀wé ni Lizzie Magie, ó ń fi ọwọ́ rẹ̀ jẹun, ó sì rí i pé kò sí iye àlàyé tí ènìyàn lè ṣe lórí ìwé George tí kì í sú àwọn olùgbọ́. Bí ó ṣe ronú kan eré nìyẹn. Ní ọdún 1903 ó tọrọ ìwé-àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba pé òun ni òun ṣe é, wọ́n sì fún un ní ọjọ́ 5 Oṣù Kìíní ọdún 1904. Ó pe eré náà ní *The Landlord's Game*, èyíinì ni Eré Onílẹ̀. Pátákó rẹ̀ ní igun mẹ́rin, ilẹ̀ títà wà yí i ká, ojú irin wà níbẹ̀, ẹ̀wọ̀n wà níbẹ̀, bí ènìyàn bá sì yí pátákó po tán, yóò gba owó iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ta Monopoly rí ti mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí ẹ kò mọ̀. Nígbà tí eré náà jáde ní títà ní ọdún 1906, ọ̀nà méjì ni a lè gbà ta á. Ní ọ̀nà kìíní, ẹni tí ó bá ní ilẹ̀ ń gba owó lọ́wọ́ ẹni tí kò ní, títí tí ẹnìkan yóò fi kó gbogbo rẹ̀ jẹ. Ní ọ̀nà kejì, owó ilẹ̀ kì í lọ sí àpò onílẹ̀, àpò ìlú ni ó ń lọ, àpò ìlú sì ń fi ṣe ohun tí gbogbo wọn yóò jọ máa lò. Magie fẹ́ kí a ta méjèèjì, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, kí ara ẹni tí ń ta á sọ èyí tí ó dára fún un.

Láti ìgbà náà ni ìtàn yìí ti kúrò ní ti ẹnìkan. Àpótí tí a tà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ti ta eré náà a lọ sí ilé, a ya pátákó tirẹ̀ sórí aṣọ tàbí páálí, a sì kọ́ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀. Wọ́n ń ta á ní Arden ní ìpínlẹ̀ Delaware, abúlé kan tí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn Henry George tẹ̀ dó ní ọdún 1900. Scott Nearing, olùkọ́ ní Yunifásítì Pennsylvania, fi kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, àwọn náà sì gbé e kiri. Ìlú tí ó bá dé, orúkọ àdúgbò ibẹ̀ ni wọn yóò kọ sí i. Ní nǹkan bí ọdún 1930 ó dé Atlantic City, ní ọwọ́ àwọn ọmọ ìjọ Quaker. Gbànjo tí wọ́n fi ń ra ilẹ̀ kò bá wọn lára mu, wọ́n mú un kúrò, wọ́n kọ iye owó ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ojú pátákó. Ta ni ó rò ó pé kí a ṣe bẹ́ẹ̀? Àwọn tí ń ta á ni, tí wọ́n ń sọ bí ó ti rí lẹ́nu wọn lẹ́yìn tí wọ́n ta á tán, gẹ́gẹ́ bí òǹwòran ayò ti ń ṣe. Ẹ má gbàgbé pé àwọn yìí kan náà ni wọ́n jẹ́ kí ọ̀nà kejì bọ́ sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Kò sí ẹni tí ó fi ipá gbà á lọ́wọ́ wọn.

Charles Darrow, ọkùnrin kan tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní àkókò ọ̀dá owó ńlá ti Amẹ́ríkà, kọ́ eré náà ní nǹkan bí ọdún 1932 ní ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ó sì ní kí wọ́n kọ àwọn òfin rẹ̀ sílẹ̀ fún òun. Ó bẹ̀rẹ̀ sí tà á gẹ́gẹ́ bí ohun tí òun fúnra rẹ̀ ronú kàn. Àṣìkọ kékeré kan ni ó tú u fó lẹ́yìn ọ̀la. Àdúgbò kan wà tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Marven Gardens. Ẹni tí ó kọ́ Darrow ti ṣi í kọ ní Marvin, Darrow sì da Marvin náà kọ bẹ́ẹ̀. Parker Brothers kọ́kọ́ kọ eré náà ní ọdún 1934, wọ́n rà á ní 1935, ó sì sọ Darrow di ọlọ́rọ̀. Ní ọdún 1935 yìí kan náà ni ilé-iṣẹ́ náà lọ bá Magie, wọ́n ra ìwé-àṣẹ rẹ̀ ní dọ́là 500, láìsí pé yóò máa gba nǹkan kan lórí èyí tí a bá tà. Ó gbà, nítorí ó rò pé wọn yóò tan ẹ̀kọ́ òun kálẹ̀. Nígbà tí àwọn akàènìyàn ìjọba ń kọ orúkọ àwọn ará ìlú ní ọdún 1940, ó ní ṣíṣe eré ni iṣẹ́ òun. Níbi tí a ti ń kọ iye tí ó ń wọlé fún un, òdo ni ó wà níbẹ̀. Ó kú ní ọdún 1948.

Bí kò bá ṣe ẹjọ́ kan ni, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìbá parí sí. Ralph Anspach, olùkọ́ ìmọ̀ ọrọ̀-ajé ní yunifásítì kan ní San Francisco, gbé eré tirẹ̀ jáde ní ọdún 1973, ó pè é ní *Anti-Monopoly*. Wọ́n ní kò gbọdọ̀ lo orúkọ náà, ẹjọ́ sì bẹ́ sílẹ̀. Bí Anspach ti ń wá ohun tí yóò fi gbèjà ara rẹ̀ ni ó kan ìwé-àṣẹ Magie, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí wá àwọn arúgbó tí wọ́n ti ta eré náà ṣáájú Darrow kiri. Wọ́n gbé pátákó àfọwọ́yà wọn jáde wá, wọ́n sọ ẹni tí ó kọ́ wọn àti ọdún tí ó kọ́ wọn. Kò rọrùn fún un. Ní ọdún 1977 wọ́n ri 40,000 ẹ̀dà eré rẹ̀ mọ́ ilẹ̀ nídìí ààtàn ní Mankato ní ìpínlẹ̀ Minnesota. Ṣùgbọ́n ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn dá a láre ní 1982, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jùlọ ti Amẹ́ríkà sì kọ̀ láti tún un gbọ́ ní 1983. Ẹnu àwọn ọ̀tayò lásán ni ó dá orúkọ obìnrin náà padà.

Èwo ni ó wá kàn wá níbẹ̀? Ní Oṣù Kejìlá ọdún 2012 ni Monopoly ti ìlú Èkó jáde, inú ọ̀pọ̀ ènìyàn sì dùn, inú tèmi náà dùn. Banana Island ni ilẹ̀ tí ó wọ́n jù lójú pátákó náà, Makoko ni ó pọ̀ jù. Ní Oṣù Keje ọdún kan náà ni ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó rán àwọn ènìyàn wọ Makoko, tí wọ́n ń gé òpó ilé àwọn Ẹ̀gùn apẹja lulẹ̀ nínú omi, lẹ́yìn ìkìlọ̀ wákàtí méjìléláàádọ́rin. N kò sọ pé àwọn tí ó ṣe àpótí náà ní èrò búburú kan. Ohun tí mo ń wí ni pé Magie ṣe eré yìí láti bèèrè ìdí tí ilẹ̀ kan fi wọ́n tí èkejì fi pọ̀, àti ẹni tí ó yẹ kí ó jẹ èrè rẹ̀. Eré náà dé Èkó, ibi tí ìbéèrè yìí ti yẹ jù ní gbogbo Áfíríkà, ìbéèrè náà kò sì sí nínú rẹ̀ mọ́.

Àwa mẹ́fà kan wà ní ọgbà yìí tí a máa ń pàdé ní ọjọ́ Sátidé láti ta irú eré báyìí. Mo bẹ̀ wọ́n kí a fi ọ̀nà kejì ta Monopoly ti Èkó. Owó ilẹ̀ di ti àpò ìlú. A sì gbà, gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan nínú àwọn òfin Magie, pé nígbà tí owó ẹni tí ó kéré jù bá di ìlọ́po méjì èyí tí ó fi bẹ̀rẹ̀, gbogbo wa ti borí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wá pọ̀. Ẹni tí ń kọ́ ìmọ̀ òfin ní kò dùn, pé eré tí ẹnikẹ́ni kò pa ẹnikẹ́ni lẹ́kún nínú rẹ̀, ìpàdé ìdílé ni. Ọ̀kan nínú àwọn obìnrin wa ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí òun kò ní máa wá ọ̀nà àtisùn ní wákàtí kejì, nítorí òun ni wọ́n sábà máa ń kọ́kọ́ lé jáde. Èrò tèmi wà láàárín: ọ̀nà kejì nìkan kò ládùn tó, mo sì lóye ìdí tí àwọn ará Atlantic City fi gbàgbé rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ta èkejì lẹ́yìn èkíní ní alẹ́ kan náà, ojú tí yóò fi wo Banana Island kò ní jẹ́ ti tẹ́lẹ̀.

Ní ti orúkọ, àwọn ará Jámánì ni ó wá ojútùú sí i. Lọ́dọ̀ wọn, àwọn tí ń kọ̀wé nípa eré máa ń gbé e yẹ̀ wò bí ẹni ń gbé ìwé yẹ̀ wò, láti ọdún 1979 sì ni wọ́n ti ń fún eré kan ní ẹ̀bùn *Spiel des Jahres*, èyíinì ni Eré Ọdún. Síbẹ̀ orúkọ ilé-iṣẹ́ nìkan ni ó sábà máa ń wà lórí àpótí. Ní ọdún 1988, níbi ìpàtẹ ńlá àwọn ohun ìṣeré ní Nuremberg, àwọn aṣeré-jáde mẹ́tàlá fọwọ́ sí páálí tí a fi ń tẹ́ ìdí ife bíà pé bí orúkọ àwọn kò bá ní í sí lójú àpótí, àwọn kò ní í fún ilé-iṣẹ́ kankan ní eré mọ́. Reinhold Wittig wà nínú wọn, Alex Randolph náà wà níbẹ̀. Nígbà tí *Catan* jáde ní 1995, orúkọ Klaus Teuber wà lójú rẹ̀. Eyín àtọwọ́dá ni iṣẹ́ òòjọ́ Teuber nígbà náà. Ó kú ní ọdún 2023, àwọn tí kò rí i rí sì ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ nítorí wọ́n mọ orúkọ rẹ̀.

Alex Randolph yìí ni ó fa àríyànjiyàn tí a kò tí ì parí. Ní ọdún 1962, ilé-iṣẹ́ 3M ti Amẹ́ríkà gbé eré kan jáde tí Randolph bá wọn ṣe, tí a ń pè ní *Oh-Wah-Ree*. Ihò ni, ọmọ ni, gbígbìn ni, jíjẹ ni. Mo fi àwòrán rẹ̀ han àwọn ẹgbẹ́ mi. Ọ̀kan bú sí ẹ̀rín, ó ní ayò nìyí tí wọ́n wọ̀ ní kóòtù. Ẹni tí ń kọ́ ìmọ̀ òfin ní kò sí ẹni tí a ṣẹ̀, nítorí kò sí ẹni tí ó ni ayò. Ẹlòmíràn dá a lóhùn pé bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìyá àti bàbá rẹ̀ wà ní Áfíríkà. Èyí ni mo fara mọ́. Ẹni tí ó sọ pé òun kò ní í ta eré òun láìsí orúkọ kò gbọdọ̀ bínú bí a bá bi í ní orúkọ àwọn tí ó ti ọ̀dọ̀ wọn mú un.

Bí a ti ń jà á lọ́wọ́ ni obìnrin tí mo sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan mú bírò, ó kọ “Lizzie Magie, 1904” gàdàgbà sí ìdérí àpótí Monopoly ti Èkó. Ẹni tí ó ni àpótí náà ní òun yóò gba owó ìdérí.