Àrùn Sóyà Tí Ó Bá Afẹ́fẹ́ Rìn

Bí ẹ bá dé oko ẹ̀wà sóyà nígbà tí ó ti yọ òdòdó, ẹ má ṣe wo òkè ewé nìkan. Ẹ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ yí ẹ̀yìn àwọn ewé ìsàlẹ̀ padà. Bí ẹ bá rí èéwo wẹ́wẹ́ tí àwọ̀ rẹ̀ dà bí irin tí ó dógùn-ún, tí lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ sì ń lẹ̀ mọ́ ìka, àrùn tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí nìyẹn. Àrùn mìíràn wà tí ó ń yọ irú èéwo bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ní lẹ́búlẹ́bú.

Ìbátan ohun tí ń mú kí búrẹ́dì bu ni ó ń fà á. Bí lẹ́búlẹ́bú náà bá bà lé ewé tí ó tutù fún bíi wákàtí mẹ́fà, ó ti ráyè wọlé. Ewé yóò rẹ̀ dànù, ẹ̀wà inú èso yóò sì fúyẹ́. Níbi tí ó bá ti le gan-an, ó lè gba ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá irè lọ́wọ́ àgbẹ̀.

Ilẹ̀ Japan ni a ti kọ́kọ́ ṣe àkọsílẹ̀ rẹ̀ nínú ọdún 1902. Ó pẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ tiwa: Uganda ní 1996, Zimbabwe ní 1998, Nàìjíríà ní 1999. Ní 2001 ó ti dé Paraguay àti Brazil. Ní Oṣù Kọkànlá 2004 a rí i ní Louisiana, ní Amẹ́ríkà. Àwọn onímọ̀ sì gbà pé ìjì líle Ivan ti Oṣù Kẹsàn-án ni ó gbé e wá. Kọ́sítọ́ọ̀mù wo ni yóò tú ẹrù afẹ́fẹ́ wò?

Brazil fi oògùn jà, ṣùgbọ́n nígbà tí ó yá, àwọn oògùn kan kò fi bẹ́ẹ̀ ràn án mọ́. Ọgbọ́n tí ó wù mí jù ni èyí tí àwọn ìpínlẹ̀ kan níbẹ̀, Mato Grosso nínú wọn, bẹ̀rẹ̀ ní 2006. Ewé tútù nìkan ni àrùn yìí lè gbé, nítorí náà wọ́n ṣòfin pé fún oṣù méjì ó kéré tán, sóyà kankan kò gbọdọ̀ hù lóko, títí kan èyí tí ó lalẹ̀ hù fúnra rẹ̀.

Ní Ìbàdàn, àwọn onímọ̀ IITA wá irúgbìn tí ó lè dúró dè é. TGx 1835-10E ni wọ́n pè é, orúkọ tí ó dà bí nọ́ńbà mọ́tò. Àwọn àgbẹ̀ Uganda gbà á ní 2004, ti Nàìjíríà sì gbà á ní 2008.