Ẹni Tó Wọlé Láìsí Alátakò

Bí aṣòfin bá wọlé láìsí alátakò, àwọn èèyàn rẹ̀ a ní ìfẹ́ ìlú ló gbé e wọlé. Ìtàn àgbègbè Ìbàdàn kò jẹ́rìí sí i. Ní ìbò ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin Ìwọ̀-Oòrùn, ọjọ́ 11 oṣù Kẹwàá ọdún 1965, àga 94 ni wọ́n ń du. Kí ọjọ́ ìbò tó kò, wọ́n ti kéde pé ó lé ní mẹ́wàá nínú àwọn olùdíje Dẹ́mọ́, ẹgbẹ́ Olóyè Ládòkè Akíntọ́lá, tó ti wọlé láìsí alátakò. Alátakò wà o. Olùdíje UPGA, ìyẹn àjọṣe Ẹgbẹ́ Ọlọ́pẹ àti NCNC, a mú fọ́ọ̀mù lọ́wọ́, kò ní rí òṣìṣẹ́ tí yóò gbà á. Òṣìṣẹ́ náà ti pòórá títí àsìkò fi kọjá. Nígbà tí èsì jáde, ìjọba ní Dẹ́mọ́ gba àga tó lé ní 70. Alhaji Dáúdà Adégbénró ti UPGA ní ẹgbẹ́ òun ló borí, ni wọ́n bá mú un.

Àgbẹ̀ kòkó Lágelú, Ẹgbẹ́dá àti Akànràn ni ọ̀ràn yìí dé bá lápò. Ní sáà 1964/65, £120 ni àgbẹ̀ ń gbà lórí tọ́ọ̀nù kòkó kan. Ní sáà tó tẹ̀ lé e, owó náà já wálẹ̀ sí nǹkan bíi £65. Ẹnìkan lè ní ọjà àgbáyé ló wó. Òótọ́ ni, kòkó pọ̀ lọ́jà lọ́dún náà. Ṣùgbọ́n nígbà náà, àjọ ìjọba tó ń ra irè oko ló ń dá iye tó máa kan àgbẹ̀. Aṣòfin tó mọ̀ pé òun ń padà bọ̀ wá tọrọ ìbò ní Mọ́níyà kò ní lè panu mọ́. Èyí tí kò bẹ ẹnikẹ́ni kó tó wọlé, ta ni yóò bẹ̀rù? Nígbà tí ìbò ò ṣiṣẹ́ mọ́, wẹ́tíẹ̀ gbòde: wọ́n ń da bẹntiróòlù sílé àti sára èèyàn, wọ́n ń ṣáná sí i, títí àwọn ológun fi gbàjọba ní ọjọ́ 15 oṣù Kìíní ọdún 1966, tí wọ́n sì pa Akíntọ́lá.

Wọ́n tún lè ní abẹ́ ológun ni Àgbẹ́kọ̀yà, ìyẹn àwọn àgbẹ̀ tó dìde sí owó orí, ti jà ní 1968 àti 1969, pé ìbò ò sí níbẹ̀. Ohun tí mò ń sọ gan-an nìyẹn. Agbowó-orí ń wọ abúlé, ó ń béèrè rìsíìtì, àgbẹ̀ ò sì ní aṣòfin tí yóò rán sí ìjọba ní Agodi, n'Ìbàdàn. Tàfá Adéoyè láti Akànràn kó wọn jọ, wọ́n já ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, ẹ̀jẹ̀ sì ti ṣàn kí ìjọba Adébáyọ̀, gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn, tó gbà kí owó orí di £2.

Bí alátakò bá fúnra rẹ̀ jókòó sílé, kò sẹ́ni tó lè fipá mú un díje. Ṣùgbọ́n kí ará Akínyẹlé tàbí Ọ̀nà-Ara tó bá ẹni tó wọlé láìsí alátakò yọ̀, kó kọ́kọ́ wádìí ẹni tí wọn ò gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ rẹ̀.