Ewúrẹ́ Tí Kì Í Ké: Ìtàn Ariwo Rélùwéè ní Èbúté Mẹ́ta

Rélùwéè kì í wọ ìlú kí ìlú má gbọ́. Bó ṣe rí nílẹ̀ wa nìyẹn láti ìgbà tí àwọn òyìnbó ti bẹ̀rẹ̀ sí í to irin láti Ìddó ní 1896. Nígbà tó fi máa di òpin 1900, irin ti dé Ìbàdàn, wọ́n sì ṣí ọ̀nà náà ní oṣù Kẹta 1901. Ọkọ̀ ayé ọjọ́un, iná ló ń jẹ: èédú nísàlẹ̀, omi lókè, ooru omi á máa ti irin lọ. Fàkàfíkì, fàkàfíkì! Nígbà tó yá, dísẹ́ẹ̀lì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ èédú. Ohùn yí padà, ariwo ò lọ.

Ṣùgbọ́n èyí tí èrò ọkọ̀ ń gbọ́, kékeré ni lára ti inú yáàdì. Yáàdì ni wọ́n ti ń já wágọ̀nù kan kúrò, tí wọ́n ń so òmíràn mọ́ ọn, kí ẹrù Kánò má baà bá ti Ìlọrin lọ. Iṣẹ́ yìí ni àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ń pè ní shunting. Ẹ́ńjìnnì á fà díẹ̀, á dúró. Á tì díẹ̀, á tún dúró, á máa retí àṣẹ. Bó dúró náà, kò sinmi. Ó ń dún, epo ń jó, èéfín ń jáde.

Inú ọgbà rélùwéè Èbúté Mẹ́ta kan náà ni Michael Imoudu ti kó òṣìṣẹ́ jáde ní 1941, tí wọ́n fẹsẹ̀ rìn lọ bá Gómìnà nítorí owó. Bí wọ́n bá tún un rìn lónìí, ó yẹ kí ọ̀rọ̀ èéfín wà nínú ohun tí wọ́n máa béèrè. Ní 2012, àjọ tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ lábẹ́ WHO kéde pé èéfín dísẹ́ẹ̀lì ń fa àrùn náà.

Ṣé ọ̀nà mìíràn wà? Ó wà o. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 2000, ilé iṣẹ́ RailPower ní Kánádà gbé ẹ́ńjìnnì kan jáde tí wọ́n pè ní Green Goat, ewúrẹ́ aláwọ̀ ewé. Àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè Amẹ́ríkà ti ń pe ẹ́ńjìnnì yáàdì ní ewúrẹ́ tipẹ́. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ṣàjèjì sí ará Yábàá: jẹnẹrétọ̀ kékeré àti bátìrì rẹpẹtẹ, bí ẹni tó ní “I better pass my neighbour” tó tún ní inverter. Bátìrì ló ń fa ọkọ̀, jẹnẹrétọ̀ kàn ń ṣáájì rẹ̀ ni. Bí bátìrì bá kún, jẹnẹrétọ̀ á kú, iṣẹ́ á máa lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ó bá shunting mu, torí agbára ńlá fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ni shunting ń fẹ́, lẹ́yìn náà ó di ìdúró. Nínú ìdúró yẹn ni jẹnẹrétọ̀ á ti dá ohun tí bátìrì ná padà.

Àmọ́ ewúrẹ́ yìí kò tọ́jọ́. Bátìrì àwọn kan gbiná, wọ́n kó wọn padà fún àtúnṣe, nígbà tó sì di 2009 gbèsè wọ RailPower lọ́rùn. Èrò náà ò kú ṣá. Ní 2010, Japan gbé HD300 jáde fún yáàdì tiwọn, bátìrì lithium-ion ló ń lò, irú ti fóònù ọwọ́ wa.

Àwa ńkọ́? Láti 2023 ni Blue Line ti ń fi iná mànàmáná sáré láti Mile 2 dé Marina. Ṣùgbọ́n Red Line tó ń gba Yábàá kọjá, dísẹ́ẹ̀lì ni. Dísẹ́ẹ̀lì náà ni ọkọ̀ Ìbàdàn tó ń gbéra ní Alágoméjì, èyí tí wọ́n ṣí ní 2021.

Ẹnì kan lè ní kí ìjọba yáa ra ewúrẹ́ tí kì í ké fún wa kíákíá. Ẹ rọra ná. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn èèyàn wa fi patẹ ọjà lẹ́bàá irin láti Yábàá dé Òṣòdì, etí ni wọ́n sì fi ń ṣọ́ra. Wọ́n á gbọ́ fèrè, wọ́n á kó tòmátì, ọkọ̀ á kọjá, wọ́n á tún patẹ. Ọkọ̀ tí kò bá dún, ta ló máa kìlọ̀ fún ìyá olótòmátì? Afárá tí wọ́n kọ́ sí Yábàá àti Múṣin nítorí Red Line dáa, ṣùgbọ́n kò tíì tó. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó.

Nítorí náà, inú yáàdì tó ní ògiri ni kí ìdákẹ́jẹ́ ti kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀. Àwọn tó ń so wágọ̀nù níbẹ̀, tí wọ́n ń fa èéfín símú láti àárọ̀ dalẹ́, àwọn ló yẹ kó kọ́kọ́ jẹ̀gbádùn rẹ̀.