Ebola àti Òkú Ẹni: Ẹ̀kọ́ fún Àwa Ará Ìdálẹ̀

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Láàárín àwa Yorùbá tí a ń gbé ìdálẹ̀, òwe yìí kò yọ òkú sílẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wa bá papò dà, ẹgbẹ́ á dáwó, ẹbí á wẹ òkú, ọkọ̀ á sì gbé e lọ sílé. Ohun tó yẹ ni. Ṣùgbọ́n ìtàn Ebola nílẹ̀ Afíríkà fi hàn wá pé ìgbà kan ń bẹ tí irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ lè pa odindi agbo ilé.

Ọdún 1976 ni a kọ́kọ́ mọ àìsàn yìí, ní gúúsù Sudan àti ní Yambuku ní orílẹ̀-èdè Zaire, tó di Kóńgò ti Kinshasa lónìí. Odò Ebola tí kò jìnnà síbẹ̀ ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ní ilé ìwòsàn ìjọ tó wà ní Yambuku, abẹ́rẹ́ márùn-ún péré ni wọ́n ń fún àwọn nọ́ọ̀sì láràárọ̀. Nínú èèyàn 318 tó kó àrùn náà, 280 ló kú. Afẹ́fẹ́ kọ́ ló ń gbé e kiri. Ẹ̀jẹ̀, èébì àti omi ara aláìsàn ni, òkú sì léwu púpọ̀.

Ní ọdún 2000, ó dé Gulu ní Uganda. Ó mú èèyàn 425, ó pa 224. Dókítà Matthew Lukwiya ti ilé ìwòsàn Lacor wà lára wọn. Àwọn àgbà Acholi ní òfin àtijọ́ fún àjàkálẹ̀ àrùn: kí a ya aláìsàn sọ́tọ̀, kí a fi ọ̀pá eèsún méjì sàmì sí ilé rẹ̀, kí ẹni tó ti ṣe é rí tó sì yè máa tọ́jú rẹ̀. Àwọn baba tiwa náà mọ irú rẹ̀. Ẹni tí ilẹ̀gbóná bá pa, ará ilé kì í sin ín. Àwọn àwòrò ló ń gbé e lọ sínú igbó.

Láti ìparí 2013 títí di 2016, Guinea, Liberia àti Sierra Leone rí tiwọn. Ó lé ní 11,300 èèyàn tó kú, ọ̀pọ̀ sì kó o níbi tí wọ́n ti ń wẹ òkú. Nígbà tí wọ́n ń sun òkú ní Monrovia, àwọn ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkú pamọ́. Nígbà tí wọ́n wá gbà kí ẹbí dúró lókèèrè, kí wọ́n gbàdúrà, kí wọ́n sì rí sàréè, ọkàn rọ̀.

Ní July 20, 2014, aláìsàn kan bá ọkọ̀ òfuurufú dé Èkó láti Liberia. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh kọ̀ jálẹ̀ pé kò ní kúrò ní ilé ìwòsàn. Ìpinnu yẹn gba ìlú là. Ó kó àrùn náà, ó sì kú ní August 19. Ẹnì kan tó fara kan aláìsàn náà sá lọ sí Port Harcourt, dókítà tó tọ́jú rẹ̀ níbẹ̀ sì kú. Wọ́n wá nǹkan bí 900 èèyàn rí, wọ́n ṣọ́ wọn fún ọjọ́ 21. Ogún ló ṣàìsàn, mẹ́jọ kú, ó sì parí ní October 20.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára ti wà láti 2019 fún oríṣi Ebola kan, kì í ṣe fún gbogbo rẹ̀. Nítorí náà, ẹ̀yin èèyàn wa, bí dókítà bá ní ẹ má fọwọ́ kan òkú, ẹ gbọ́. Ẹ má purọ́ nípa ibi tí aláìsàn ti ń bọ̀. Òkú kò ní bínú pé a kò wẹ òun. Àwọn ọmọ tó fi sílẹ̀ ni kí a má jẹ́ kó mú lọ. Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí a sin òkú ọ̀fọ̀.