Ìdìbò nípasẹ̀ Aṣojú ní Agbègbè Alímọ̀ṣọ́, 1951 sí 2023

Rírán ẹlòmíràn lọ dìbò fún ara ẹni kò bófin mu ní Nàìjíríà lónìí. Síbẹ̀, ohun tó fara pẹ́ ẹ ni òfin là sílẹ̀ ní ọdún 1951. Ìkòtún, Ẹgbẹ́dá àti Ìgàndò wà lábẹ́ Ẹkùn Ìkẹjà nígbà náà, ní Ìwọ̀-Oòrùn. Lábẹ́ Òfin-Ìpìlẹ̀ Macpherson, àwọn tó ń san owó orí kò yan aṣòfin ní tààrà. Aṣojú ni wọ́n yàn láàárín ara wọn. Àwọn aṣojú wọ̀nyí ló wá dìbò yan ẹni tí yóò lọ sí Ilé Ìgbìmọ̀ ní Ìbàdàn. Bí ọkàn aṣojú bá yí padà lójú ọ̀nà, kò sí ohun tí ará abúlé lè ṣe sí i.

Azikiwe pàápàá fara gbá nínú ètò bẹ́ẹ̀. Àwọn ará Èkó yàn án sí Ilé Ìgbìmọ̀ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ní 1952 Ilé náà kò yàn án sí Ilé Aṣojú Àpapọ̀.

Nígbà tí ìdìbò 1959 dé, olúkúlùkù, tọkùnrin tobìnrin, ló ń fọwọ́ ara rẹ̀ dìbò ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ẹ̀rọ BVAS tí wọ́n lò ní 2023, tó ń yẹ ìka àti ojú wò, tún mú un le sí i. Òfin Ìdìbò 2022 gba afọ́jú láàyè láti mú olùrànlọ́wọ́ wọ àgọ́ ìdìbò, ṣùgbọ́n òun alára gbọ́dọ̀ débẹ̀. Ọmọ Ẹgbẹ́dá tó forúkọ sílẹ̀ ní London lè yan ẹni tí yóò bá a dìbò lọ́hùn-ún. Ìyá rẹ̀ tí ẹsẹ̀ kò gbé mọ́ ní Ẹgbẹ́dá kò lè rán ẹnikẹ́ni.