Wíwọn ìdá àṣeyọrí chatbot ìtajà

Wíwọn ìdá àṣeyọrí chatbot ìtajà jẹ́ ìṣirò tí àwọn oníṣòwò orí íntánẹ́ẹ̀tì fi ń mọ iye ènìyàn tí ó ra ọjà tàbí tí ó fi orúkọ sílẹ̀ nínú àwọn tí ó bá chatbot wọn sọ̀rọ̀. Chatbot jẹ́ ètò kọ̀ǹpútà tí ń fèsì sí ọ̀rọ̀ ènìyàn fúnra rẹ̀. Àwọn ìpele tí oníbàárà ń là kọjá láti ìkíni títí dé ìsanwó ni wọ́n ń fi wé àrọ, nítorí pé ọ̀pọ̀ ni ó ń wọlé, díẹ̀ ni ó ń dé ìsàlẹ̀.

Ìtàn

Èrò pé oníbàárà ń gba ìpele kọjá kí ó tó ra ọjà ti wà ṣáájú kọ̀ǹpútà, E. St. Elmo Lewis, olùpolówó ọjà ará Amẹ́ríkà, ni wọ́n sábà máa ń kà á sí lọ́rùn, láti ọdún 1898. Ní oṣù kẹrin ọdún 2016, Facebook ṣí Messenger sílẹ̀ fún chatbot àwọn oníṣòwò. Ní Nàìjíríà, báńkì UBA gbé chatbot tirẹ̀, Leo, jáde lórí Messenger ní ọdún 2018.

Ìṣirò

Ìdá kan kò ní ìtumọ̀ àfi bí ó bá hàn kedere inú iye wo ni wọ́n ti yọ ọ́. Bí àpẹẹrẹ, bí ènìyàn 1,000 bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀, tí 600 dáhùn ìbéèrè àkọ́kọ́, tí 240 wo iye owó ọjà, tí 60 sì sanwó, ìdá àṣeyọrí jẹ́ 6% nínú gbogbo ẹni tí ó bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ́ 25% nínú àwọn tí ó wo iye owó. Òtítọ́ ni méjèèjì. Ẹni tí ó bá fi ọ̀kan wé èkejì ni yóò tan ara rẹ̀ jẹ.

Ìdá ìpele kọ̀ọ̀kan ni ó ń fi ibi tí àrọ ti ń jò hàn. Nínú àpẹẹrẹ yìí, ìpele ìsanwó ni ìdá rẹ̀ kéré jù, ṣùgbọ́n ìpele àkọ́kọ́ ni ó pàdánù ènìyàn jù, èyíinì ni 400.

Títọpasẹ̀ oníbàárà

Chatbot máa ń ṣe àkọsílẹ̀ àkókò tí oníbàárà tẹ bọ́tìnì tàbí tí ó fèsì. Wọ́n tún máa ń fi àmì sára ìjápọ̀ kí ó lè hàn ibi tí oníbàárà ti wá. Ibi ìsanwó ni ìṣòro pọ̀ sí, nítorí pé owó lè wọlé láti ojúewé mìíràn, láti báńkì tàbí nínú ṣọ́ọ̀bù. Bí kò bá sí nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí ó so owó náà mọ́ ìfọ̀rọ̀wérọ̀, ẹni tí ó ti sanwó yóò wà lákọsílẹ̀ bí ẹni tí kò rà. Bákan náà, ẹnì kan tí ó lo fóònù méjì lè di ènìyàn méjì nínú ìwé.

Ààlà àti òfin

Ìdá gíga kò fi hàn pé chatbot ni ó mú ènìyàn rajà. Àwọn kan ìbá ti rà á bí kò tilẹ̀ sí. Láti mọ èyí, kọ̀ǹpútà máa ń pín àlejò sí ọ̀nà méjì bí ẹni ṣẹ́ gègé: apá kan á bá chatbot pàdé, apá kejì á rí ojúewé lásán. Bí iye ènìyàn bá kéré, ìyàtọ̀ tí ó hàn lè jẹ́ èèṣì.

Òfin GDPR ti Ìṣọ̀kan Yúróòpù, tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2018, àti òfin ìdáàbòbò ìròyìn ara ẹni ti Nàìjíríà ti ọdún 2023, béèrè pé kí oníṣòwò ní ìdí tí ó bófin mu kí ó tó kó irú àkọsílẹ̀ bẹ́ẹ̀ jọ.